Gerlach Ará Kaltenried, Ẹni Tó Bú Késárì Tó Fi Di Ìjòyè

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Hornau, ẹ óò rí i lórí òkúta ibojì rẹ̀: ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dùbúlẹ̀, tó pa ọwọ́ pọ̀ bí ẹni ń gbàdúrà, tí kìnnìún kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ òkúta náà kò rí Gerlach sójú rí. Èmi Jutta ni mo fọ aṣọ rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kò tẹ́ẹ́rẹ́. Àdúrà kì í gùn lẹ́nu rẹ̀. Ẹranko tó sì bẹ̀rù jù lọ láyé yìí ni àkùkọ àgbàlá wa. Àwọn mọ́ńkì tó ń kọ ìwé ìdílé rẹ̀ báyìí sọ pé láti Róòmù ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Mo mọ bàbá tó bí i. Kaltenried ni bàbá náà gbé, kò sì rìn ju ọjà ìlú kejì lọ títí tó fi kú.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Ẹnu mi kò gbà láti pe Hadewig ìyàwó rẹ̀ ní “ó”. Ìyá Ilé ni gbogbo wa ń pè wọ́n, “wọ́n” ni wọn yóò sì máa jẹ́ lẹ́nu mi. Àwọn yòókù, títí kan Késárì fúnra rẹ̀, “ó” ni mo ń pè wọ́n, torí pé èmi ni mo fọ ṣòkòtò gbogbo wọn.

Ilé Kaltenried kò ju ilé ìṣọ́ kan lórí òkè lọ, tí ìdajì òrùlé rẹ̀ ti ya lulẹ̀. Ọmọkùnrin mẹ́ta ló jáde níbẹ̀. Nígbà tí bàbá wọn kú, Rupold tó jẹ́ àkọ́bí jogún ìdajì tó ní òrùlé àti ìdajì tí kò ní. Èkejì lọ di mọ́ńkì. Gerlach, àbíkẹ́yìn, jogún ẹṣin olójú kan. Ohun mìíràn tó ní ni ẹnu rẹ̀. Láti kékeré ló ti mọ èèyàn í bú. Ó sọ fún àlùfáà abúlé wọn pé tó bá ń kọrin, ohùn rẹ̀ dà bí ìlẹ̀kùn tó ń bẹ̀bẹ̀ fún òróró. Ó sọ fún Rupold pé imú rẹ̀ máa ń dé ibi àsè ṣáájú rẹ̀, àwọn èèyàn á ti kí imú náà tán, wọ́n á ti fún un ní àga, kí ẹni tó ni ín tó wọlé. Wọ́n nà án títí nítorí ẹnu yẹn. Ńṣe ni nínà náà ń jẹ́ kí ó rí ọ̀rọ̀ tuntun sọ.

Ìyá Ilé ló ni Erlenfurt. Wọ́n ní ọlọ ńlá tí omi ń yí, wọ́n ní oko èso píà, wọ́n ní ọkọ̀ tó ń kó èèyàn sọdá odò. Ọkọ méjì ni wọ́n ti sin. Ẹṣin gbé ọ̀kan ṣubú, ọ̀kan jẹ ẹja yó kú. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n nígbà náà, wọn kò tíì bímọ, àwọn ọkùnrin sì ń wá wọn wá láti ìlú mẹ́ta. Ẹni tó bá dé á wo ojú Ìyá Ilé fìrí, á wá wo ọlọ wọn pẹ́.

Rupold náà wá. Ó mú Gerlach dání kí ó lè bá a di ẹṣin mú. Torí pé òjò ń rọ̀, Ìyá Ilé ní kí àwọn méjèèjì wọlé wá jẹun. Rupold bẹ̀rẹ̀ ìtàn àwọn baba ńlá rẹ̀, ó ń sọ ọ́ títí búrẹ́dì fi tán lórí tábìlì. Gerlach jókòó sí ìsàlẹ̀, ó ń lá ọbẹ̀.

Ìyá Ilé yíjú sí i. “Ìwọ tí o wà níbẹ̀ yẹn, o kò tíì sọ̀rọ̀. Báwo lo ṣe rí ilé mi sí?”

“Àbúrò mi ni, Ìyáàfin,” Rupold sọ. “Ẹ má dá a lóhùn.”

“Ìwọ kọ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.”

Gerlach gbé ṣíbí sílẹ̀. “Ilé yín dára, Ìyáàfin. Ọbẹ̀ yìí ni mi ò mọ̀ bóyá ẹ sè é ni, àbí mọ́ńkì kan ló kàn fi ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀.”

“Kí ló wá dé tí o fi ń jẹ ẹ́?”

“Ebi ń pa mí. Ẹsẹ̀ mọ́ńkì sì sàn ju ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lọ.”

Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́. Láti ìgbà tí a ti sin ọkọ kejì, mi ò rí ẹ̀rín lẹ́nu Ìyá Ilé. Lọ́jọ́ yẹn náà wọn kò rẹ́rìn-ín síta. Wọ́n kàn fi aṣọ bo ẹnu, èjìká wọn sì ń gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n bi í bóyá ó mọ̀wé. Ó ní rárá.

“Ṣé o máa ń na obìnrin?”

“Ó máa ń tètè rẹ̀ mí.”

“Kí lo ní?”

“Ẹṣin kan. Ojú kan ló ní, àmọ́ ojú yẹn ríran dáadáa.”

Ní àjọ̀dún Máíkẹ́lì mímọ́ ni wọ́n ṣègbéyàwó. Rupold kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, Gerlach sì ní ẹ̀bùn ìgbéyàwó tó dùn mọ́ òun jù nìyẹn. Nígbà tí mo ń ya irun Ìyá Ilé lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti wo ọkùnrin yìí dáadáa.

“Jutta,” wọ́n ní, “àwọn méjì tí mo fẹ́ ṣáájú, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń sọ òtítọ́ fún mi, nígbà tí wọ́n bá mutí yó. Eléyìí ń sọ ọ́ níbi oúnjẹ.”

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ó jẹ́ òṣìṣẹ́. Ìyá Ilé ló ń bójú tó ọlọ, àwọn ló ń bójú tó oko, àwọn ló ń bá àwọn alágbàṣe jà. Iṣẹ́ tí Gerlach gbà láti ṣe kò ju kó dẹ ìgèrè sódò kó sì lọ kó ẹja inú rẹ̀. Bí àkùkọ bá dúró sáàárín ọ̀nà, á gba ẹ̀yìn ilé lọ. Wọ́n ń bú ara wọn láàárọ̀ lálẹ́, òun àti Ìyá Ilé, ẹni tó bá gbọ́ wọn láti ojú ọ̀nà á rò pé wọ́n fẹ́ pa ara wọn. A ti mọ̀ pé ọjọ́ tí ilé bá dákẹ́ ni kí a bẹ̀rù. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Odila. Kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọdún keje ìgbéyàwó wọn, yìnyín orí òkè yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, odò kún, ó sì gbé ọkọ̀ wa lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Késárì ń kó ọmọ ogun lọ sí gúúsù láti lọ bá àwọn ìlú tó ṣọ̀tẹ̀ jà. Gbogbo wa gbọ́ pé ó ń bọ̀. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ó ti ṣáájú àwọn ọmọ ogun rẹ̀, òun àti ẹlẹ́ṣin méjì péré, láti wá ibi tí wọ́n á gbà sọdá.

Èmi àti Ìyá Ilé ń sá aṣọ lẹ́bàá odò, Gerlach sì wà ní òdì kejì nídìí ìgèrè rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù, láìsí ṣòkòtò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọkùnrin sísanra kan ti bọ́ sílẹ̀ lórí ẹṣin. Aṣọ irun àgùntàn aláwọ̀ ilẹ̀ ló wọ̀, ó ti rin gbingbin. Omi máa ń gbé ohùn, gbogbo ohun tí wọ́n sọ ni a gbọ́.

“Níbo la lè gbà kọjá?”

“Níbí yìí, bó o bá ní ẹsẹ̀. Omi ti fà, kò jìn ju ìbàdí lọ mọ́.”

Wọ́n ti àwọn ẹṣin, wọ́n fà wọ́n, àwọn ẹṣin kọ̀. Ọkùnrin sísanra náà wo omi tútù yẹn, ó wo Gerlach. “Gbé mi.”

Gerlach wò ó látòkè délẹ̀. “Oníṣòwò irun àgùntàn ni ọ́, àbí o jẹ àwọn àgùntàn náà?” Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀, ó sì pọ̀n ọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. “Bàbá, kí ni ìyá rẹ fi tọ́ ọ, ọmọ ọlọ? Má fún mi lọ́rùn, ọrùn ni, kì í ṣe ìgò ọtí. Àlùbọ́sà tí o jẹ ń ta mí létí.” Nígbà tí wọ́n dé àárín odò, ó dúró.

“Kí ló dé?” ni ọkùnrin náà bi í.

“Mo fẹ́ sinmi.”

“Nínú omi?”

“Ìdí rẹ tóbi tó odindi ìjọba, bàbá. Mi ò lè pọn ìjọba sọdá odò láìsinmi.”

“Ta ló gbà ọ́ láyè láti máa sọ̀rọ̀ báyìí?”

“Ìyàwó mi. Ó ní kí n máa bú òun dáadáa nílé, kí ó lè tán lẹ́nu mi kí n tó pàdé ẹni ńlá.”

Wọ́n ti dé èbúté tán. Ó ń sọ ọ́ kalẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ṣin méjì náà, tó ń wọ́ omi bọ̀ lẹ́yìn wọn, pariwo sí èmi àti Ìyá Ilé pé kí a kúnlẹ̀ fún Késárì. Ọwọ́ Gerlach já. Késárì fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀.

Ẹlẹ́ṣin náà ti di idà mú. Ìyá Ilé ló kọ́kọ́ ṣí ẹsẹ̀. Wọ́n wọ inú ẹrẹ̀ lọ pẹ̀lú aṣọ wọn, wọ́n sì kúnlẹ̀ níbẹ̀.

“Olúwa wa, ẹ jọ̀ọ́. Ọkọ mi kì í bú ẹni tó bá fẹ́ jù sómi. Ẹni tó bá fẹ́ gbé dé ilẹ̀ ló ń bú.”

Késárì kò tíì dìde. “Kí ló pe ìdí mi?”

Gerlach ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

“Mo ní kí ló pè é?”

“Ìjọba, Olúwa mi,” Gerlach dáhùn. Ohùn rẹ̀ kò ju ti eku lọ.

Késárì rò ó wò. “Ó jọ ọ́. Ó tóbi, ó ń ro mí, mi ò sì ráyè jókòó lé e.” Ó na ọwọ́ kí wọ́n fà á dìde.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbẹ nílé wa, inú ẹ̀wù ọkọ kejì Ìyá Ilé ló sì wà. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ bá a níbẹ̀. Wọ́n jẹ ẹlẹ́dẹ̀ wa mẹ́rìnlá, wọ́n jẹ píà gbígbẹ, wọ́n jẹ kábéèjì oníyọ̀ tó wà nínú àgbá, wọ́n jẹ ọkà bálì tí a fẹ́ gbìn. Nígbà tí wọ́n lọ, ológbò ilé náà ti rù. Àwọn èèyàn ń pe èyí ní ojúrere Késárì. Bó bá jẹ́ pé ìyẹ́ ni wọ́n ní, eṣú là bá máa pè wọ́n. Wọn kò jẹ àkùkọ. Gerlach bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n kí Késárì tó gun ẹṣin, ó ní kí Gerlach wá bá òun ní ọdún Pẹ́ńtíkọ́sì. Ìyá Ilé gbọ́ ìyẹn, wọ́n sì gbàgbé ẹlẹ́dẹ̀. Ìjòyè Hornau ti kú nígbà òtútù yẹn láìbímọ, gbogbo ọlọ́lá ló sì ń lépa ilẹ̀ náà. Ìyá Ilé gé ẹ̀wù ọkọ kejì kúrú, wọ́n rán an mọ́ Gerlach lára, a sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Gbọ̀ngàn Késárì kún fún àwọn èèyàn tí wọ́n wọ awọ ẹranko olówó iyebíye. Késárì rí wa, ojú rẹ̀ sì là.

“Ẹni tó pọ̀n mí ti dé. Ó yá, bá mi sọ̀rọ̀.”

Gerlach dojúbolẹ̀. “Olúwa mi, ẹ̀yin ni oòrùn wa.”

Ojú Késárì rẹ̀ wálẹ̀ bí ìyẹ̀fun pípò tó ń wú tí ẹnì kan ṣílẹ̀kùn fún òtútù. Ó yíjú padà. Bíṣọ́ọ̀bù tó ń tọ́jú òǹtẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ará oko ni, Olúwa mi. Ó ní láti wà nínú omi kí ó tó gbọ́n.”

Mo rí i pé Ìyá Ilé ń ronú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sún mọ́ ọkọ wọn, wọ́n sì sọ jẹ́jẹ́ pé, “Gerlach, ta ló ṣí ìlẹ̀kùn àká sílẹ̀ lọ́jọ́ tí à ń bọ̀?”

“Èmi kọ́.”

“Ìwọ ni. Àkùkọ lo sá fún.”

“Hadewig, má bẹ̀rẹ̀.”

“Ọkùnrin gìrìwò. Adìyẹ ń lé e ká àgbàlá.”

“Adìyẹ kọ́ nìyẹn. Ìyá rẹ ló padà wá wo bóyá mo ti kú.”

“Ìyá mi ì bá ti ṣá ọ jẹ tipẹ́. Ó mọ ìdin yàtọ̀ sí èèyàn.”

“Ó mọ̀ ọ́n? Kí ló wá wí nípa ọkùnrin méjì tí o sin, tí wọ́n yan ikú ju ọbẹ̀ rẹ lọ?” Ohùn rẹ̀ ti ń lọ sókè. Ó ti gbàgbé ibi tó wà.

Késárì ti yíjú padà. “Fi obìnrin yẹn sílẹ̀,” ó sọ, “òun ló tọ̀nà.”

Gerlach kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. “Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀? Jókòó sórí ìjọba rẹ jàre, èmi àti ìyàwó mi ń jà.”

Mo rí etí rẹ̀ tó pọ́n, lẹ́yìn náà tó funfun. Ó ti mọ ohun tó ṣe. Bíṣọ́ọ̀bù ti ń wo àwọn ẹ̀ṣọ́. Késárì fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, gbogbo gbọ̀ngàn rò pé ìbínú ni. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, omijé ẹ̀rín ti rin irùngbọ̀n rẹ̀.

“Ogún ọdún lẹ ti ń pè mí ní oòrùn,” ó sọ fún bíṣọ́ọ̀bù. “Ṣé ẹ ò rí i pé ó ti sú mi?”

Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé ọjọ́ náà, ó ti fún Gerlach ní Hornau. Ìyá Ilé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi kún un nínú ìwé pé ọmọ ni yóò jogún rẹ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Bíṣọ́ọ̀bù ní kò sí àyè mọ́ lórí awọ tí wọ́n kọ ìwé náà sí.

“Ẹ kọ ọ́ kéékèèké, Bàbá wa,” Ìyá Ilé sọ. “Ojú wa ríran.”

Bí ó ṣe di ìjòyè nìyẹn. Tó bá jókòó láti dá ẹjọ́, Ìyá Ilé á jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó ń rojọ́ bá ń parọ́, ẹ̀ẹ̀mejì bí ó bá ń sọ òtítọ́. Nígbà tí ọ̀fìnkìn mú wọn lọ́dún kan, tí wọ́n ń wúkọ́ ṣáá, ó dá málúù kan láre. Rupold náà wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Gerlach bú u láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, ó ti kó ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́sàn-án jọ fún un, lẹ́yìn náà ó fún un ní igi tó tó tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Àwọn ọlọ́lá kan fẹ́ gba ọ̀nà tó gbà. Ọ̀kan sọ fún Késárì pé irùngbọ̀n rẹ̀ dà bí ti òbúkọ, wọ́n sì tì í mọ́ ilé ìṣọ́ kan lẹ́bàá òkun fún ìgbà òtútù méjì.

Ọdún méjì-méjì ni Késárì ń wá jẹ wá run. Á lọ jókòó sídìí ìgèrè pẹ̀lú Gerlach, òun náà láìsí ṣòkòtò, wọ́n á máa bú ara wọn. Mo gbé búrẹ́dì lọ bá wọn nígbà kan, mo sì bá wọn tí wọn kò bú ara wọn. Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni Késárì ń sọ. Mi ò dúró gbọ́.

Késárì kú sójú ogun, ibà ló pa á. Ọmọ náà gorí ìtẹ́. Omi ló ń mu, ó ń gbààwẹ̀, ẹnì kan kò sì rí eyín rẹ̀ rí. Bíṣọ́ọ̀bù sọ sí i létí pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi fún Gerlach ní Hornau, ó sì yẹ kí wọ́n gbà á padà. Wọ́n pe Gerlach kí ó wá búra fún Késárì tuntun. Orúnkún ti ń dun Ìyá Ilé, wọn kò lè rìnrìn àjò mọ́.

“Lọ, kúnlẹ̀, búra, padà wá,” wọ́n sọ fún un. “Má sọ ju ohun tó wà nínú ìbúra lọ.”

“Bí ó bá bi mí ní nǹkan ńkọ́?”

“Dáhùn bí ẹni tí mo bí.”

Mo bá a lọ nítorí aṣọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó búra, ó ku kí ó dìde.

“Ìwọ lo máa ń bú bàbá mi,” Késárì tuntun sọ.

“Èmi ni, Olúwa mi.”

“Kí ló rí lára rẹ?”

Gerlach họ orí. “Mi ò mọ̀, Olúwa mi. Ó máa ń bá mi jókòó sídìí ìgèrè. Ó máa ń sọ̀rọ̀ yín.”

“Kí ló ń sọ?”

“Pé òun kò mọ bí òun ṣe máa bá yín sọ̀rọ̀. Pé gbogbo ìgbà tí òun bá la ẹnu, àṣẹ ló ń jáde.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo awọ ìwé Hornau tó wà níwájú rẹ̀. Ó wò ó títí, kò sì dájú pé ó ń kà á. Lẹ́yìn náà ó ní kí bíṣọ́ọ̀bù fi òǹtẹ̀ sí i. Kò pe Gerlach sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ láé, kò sì wá jẹ wá run. Ẹlẹ́dẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀.

Ọdún kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, lásìkò tí à ń ká píà, Ìyá Ilé kú. Gerlach kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan píà ọdún náà. Òun fúnra rẹ̀ jókòó nínú àká, ó ń yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí Ìyá Ilé ṣe máa ń ṣe, àmọ́ kò mọ èyí tó yẹ kó jìnnà sí èyí tó ti rà. Wọ́n rà tán pátápátá. Ó kó wọn fún ẹlẹ́dẹ̀, ọtí inú wọn sì ń pa àwọn ẹlẹ́dẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó dúró ó ń wò wọ́n, kò bú wọn.

Ó lo ọdún méjì sí i. Ọ̀sẹ̀ kejì Lẹ́ńtì ló kú, lórí ibùsùn, lẹ́yìn tó ti bá àlùfáà jiyàn lórí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ó ní àlùfáà fi tẹlòmíràn kún un. Odila ọmọ wọn ló ń ṣe àkóso báyìí. Mo ṣì ń fọ aṣọ, ti àwọn ọmọ rẹ̀ ni, wọ́n sì máa ń dọ̀tí ju ti bàbá àgbà wọn lọ.